Àwọn Pákó Tí Keturah Kò Lù

“Pákó mélòó ni kí n tẹ̀ síbẹ̀?” Sódìq bi í. Ìka rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Keturah wo ìwé tó mú lọ́wọ́. Gbogbo ìlà ló ti kún àfi ìlà kan ṣoṣo yẹn. Níta ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́kadà kan ń pariwo pe èrò Lánlátẹ̀.

“Mẹ́sàn-án,” ni ó wí.

“Mẹ́sàn-án nínú mélòó?”

“Nínú méjìdínláàádọ́ta. Pákó mẹ́sàn-án ni a óò pààrọ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀.”

Sódìq tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé náà jáde láti inú ẹ̀rọ, ó funfun, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ lọ́wọ́. Keturah kà á láti òkè délẹ̀. Ó dára débi pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń kọ ìwé lé lórí yìí wà létí odò Ọ̀gùn, kò jìnnà púpọ̀ sí Èrúwà. Ọkọ̀ afẹ́ olówó kan ní Èkó ni tẹ́lẹ̀, onípákó, tó ní yàrá àti àga onírọ̀gbọ̀kú. Nígbà tó gbó ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ rà á ní pọ́ọ́kú. Wọ́n kó àga inú rẹ̀ dà nù, wọ́n fi bẹ́ǹṣì sí i, ó sì di ohun tó ń kó àwọn àgbẹ̀ àti irè oko wọn kọjá odò nígbà òjò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi fà, wọn a fà á gòkè fún àtúnṣe. Tọdún yìí kì í ṣe àtúnṣe kékeré: pákó ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì, òrùlé, ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ pátá ni.

Obadiah, bàbá Keturah, ni kàfíńtà tó máa ń tún un ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ igi dunjú, ṣùgbọ́n bíírò wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju òòlù lọ. Alága ẹgbẹ́, Alhaji Búrẹ́mọ̀, sì ti sọ pé kọ́bọ̀ kò ní jáde àfi bí wọ́n bá rí ètò iṣẹ́ lákọsílẹ̀: ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, èyí tó máa ṣáájú, ọ̀sẹ̀ tí yóò gbà, àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ná wọn. Keturah wà ní SS2, òun ló sì máa ń gba ipò kìíní nínú Ìṣirò. Bàbá rẹ̀ kò wá ẹlòmíràn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tó lọ bá Sódìq, ó mú un lọ sí etí odò, ó fún un ní òòlù kékeré àti ṣọ́ọ̀kì.

“Máa lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,” ni ó wí. “Èyí tó bá dún ko-ko, ó ṣì le. Èyí tó bá dún bí ìgbà tí èèyàn lu ìrọ̀rí, inú rẹ̀ ti jẹrà nìyẹn. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo èyí tí o bá ti lù. Má fo ìkankan o, Keturah. Omi kì í fojú fo ihò.”

“Mo ti gbọ́, sà.”

Bàbá rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ sí Igbó-Ọrà láti lọ béèrè iye tí pákó ń lọ níbi ẹ̀rọ ìlagi.

Keturah tẹ́ àpò sílẹ̀, ó rá pálá wọ abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú. Ooru mú un bí ẹni wà nínú ààrò. Òórùn ọ̀dà dúdú ń wọ̀ ọ́ nímú, erùpẹ̀ sì ń já bọ́ sí i lójú bó ti ń lu pákó. Ó lu méjìlá. Méjì péré ló ti jẹrà.

Ìgbà náà ni Aliyyah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sáré dé etí odò tó ń mí hẹlẹ.

“Keturah! Bọ́ọ̀sì ti fẹ́ gbéra! Ṣé o kò ní lọ wo bọ́ọ̀lù náà ni? Àṣekágbá ni o! Gbogbo kíláàsì wa ti wà nínú ọkọ̀.”

“Iṣẹ́ ṣì kù. Pákó mẹ́rìndínlógójì ni mi ò tíì lù.”

Aliyyah bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ tí o mọ Ìṣirò báyìí! Ṣé dandan ni kí èèyàn jẹ ọbẹ̀ tán nínú ìkòkò kó tó mọ̀ pé ó níyọ̀? Ṣírò ó!”

Keturah ṣírò ó lóòótọ́. Bí méjì bá bàjẹ́ nínú méjìlá, mẹ́jọ ni yóò bàjẹ́ nínú méjìdínláàádọ́ta. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó ní òun yóò padà wá lọ́la wá lu ìyókù, ó sì bá Aliyyah lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ajé, ìdánwò kékeré wà. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú tí ìpàdé ẹgbẹ́ kù sí ọ̀la, ó fi ẹyọ kan lé mẹ́jọ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ó sì gba ọ̀dọ̀ Sódìq lọ.

Ní ìpàdé, Keturah dìde, ó ka ètò náà pẹ̀lú ohùn tó já gaara. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni iṣẹ́ yóò gbà. Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà ni yóò ná wọn. Ó ka iye pákó, iye ọ̀dà, iye ìṣó, àti iye tí ẹni tí yóò tún ẹ́ńjìnnì ṣe yóò gbà. Àwọn àgbà ń mi orí.

Alhaji Búrẹ́mọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ọmọ mi, o káre. Ṣé gbogbo pákó yẹn ni o fọwọ́ ara rẹ lù?”

Keturah gbé ojú kúrò lórí ìwé. Ó rí bàbá rẹ̀ tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni ó dáhùn.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bí wọ́n ti ń lọ sílé lórí ọ̀kadà, bàbá rẹ̀ ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ahọ́n. Keturah di aṣọ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, kò lè bá a gbe orin náà.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ déédéé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ti sanwó òrùlé, wọ́n ti sanwó ẹ́ńjìnnì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Obadiah bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò ní ìdí ọkọ̀. Irin tó fi ń ha á wọ inú pákó lọ ràì, bí ẹni fi ọ̀bẹ gún àkàrà. Ó sún mọ́ èkejì, bákan náà. Iwájú ọkọ̀ yẹn máa ń gbẹ lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ló máa ń jókòó sínú ẹrẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tó fi máa ha á tán, pákó mọ́kànlélógún ló ti jẹrà. Igi gbọọrọ tó gba ìdí ọkọ̀ kọjá, tí gbogbo pákó yòókù dúró lé, òun náà ti ń jẹrà lápá kan.

Keturah gbé oúnjẹ wá lẹ́yìn ilé ìwé lọ́jọ́ náà. Ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó jókòó sí, tó ń wo abẹ́ ọkọ̀.

“Keturah,” ni ó pè é, ohùn rẹ̀ kò ga. “Àmì ṣọ́ọ̀kì méjìlá ni mo rí.”

Keturah di abọ́ oúnjẹ náà mú. Ì bá sàn fún un kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó rò pé bàbá rẹ̀ yóò na òun, tàbí kó tilẹ̀ pariwo mọ́ òun.

“Gbé oúnjẹ yẹn sílẹ̀,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Òjò ti ń ṣú. Máa lọ sílé.”

Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé lálẹ́, oúnjẹ náà ṣì wà nínú abọ́ bó ṣe wà. Kò fọwọ́ kàn án.

Ẹgbẹ́ pe ìpàdé pàjáwìrì. Owó ti tán, iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì. Mùkáílà, tí oko iṣu rẹ̀ wà lódìkejì odò, kò jẹ́ kí wọ́n parí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tó fi dìde.

“Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Pákó mẹ́sàn-án ni wọ́n kà fún wa níbí. Lónìí wọ́n ní mọ́kànlélógún. Ṣé pákó ń bímọ ni? Owó wa ti wọ àpò ẹnì kan!”

Gbogbo ojú yí sí Obadiah. Ó dìde, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi í mọ́ àyà.

“Àṣìṣe wà nínú ètò náà,” ni ó wí. “Èmi ni mo gba iṣẹ́. Èmi ni kí ẹ bi.”

Keturah jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ló yẹ kí òun sọ. Ó wo ilẹ̀ títí ìpàdé fi tú.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti dojú rú. Àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì fún Obadiah ní kó ṣì dúró ná. Ní ilé ìwé, bí Keturah bá ti ń bọ̀, àwọn kan a máa fọwọ́ lu tábìlì, wọn a ní, “Pákó ń bímọ o!” Aliyyah kì í bá wọn lù ú, ṣùgbọ́n kì í jókòó tì í mọ́. Keturah kò lè bínú. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, bàbá òun ni wọ́n ń sọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó dé láti ilé ìwé, ó bá ọkùnrin kan tó ń so ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ fi ń fá pákó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ẹ̀rọ yẹn ni bàbá rẹ̀ fi owó ọdún márùn-ún rà.

“Ẹ ń tà á, sà?”

“Pákó ni mo fẹ́ fi owó rẹ̀ rà,” ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì wọlé lọ.

Keturah kò bọ́ aṣọ ilé ìwé. Ó mú ọ̀nà ilé Alhaji Búrẹ́mọ̀ pọ̀n. Ó bá a lórí ẹní níwájú ilé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásàrí tán. Ó kúnlẹ̀, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò dá Aliyyah lẹ́bi, kò sì dá bọ́ọ̀lù lẹ́bi.

Bàbá àgbàlagbà náà fetí sí i dé òpin.

“Níbo ni o ti pa irọ́ náà?” ni ó bi í.

“Ní ìpàdé, sà.”

“Ṣé èmi nìkan ni o pa á fún?”

“Rárá, sà.”

“Nígbà náà, kì í ṣe èmi nìkan ló yẹ kó gbọ́ òtítọ́ rẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni Keturah ṣe tún dúró níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì já gaara. Ó ní, “Pákó méjìlá ni mo lù. Ìyókù, mo ṣírò ó ni, mo sì sọ fún yín pé mo lù ú. Bàbá mi kò mọ̀. Kò jalè. Èmi ni mo parọ́.”

Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan pòṣé. Mùkáílà gbé ojú sílẹ̀, ó ń fi ìka ha bẹ́ǹṣì. Alhaji Búrẹ́mọ̀ mí kanlẹ̀, ó ní, “Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ jẹ́ ká lọ wá bí a óò ṣe tún un mọ.”

Wọ́n dá owó kún owó. Ṣùgbọ́n òjò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Odò kún nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè láìní pákó ìdí. Fún oṣù kan ààbọ̀, ọ̀nà afárá tó jìnnà réré ni àwọn àgbẹ̀ ń gbà, owó ọ̀kadà sì ń jẹ èrè wọn. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì méje tí Ìyá Rùkáyyàh, opó kan, ká sílẹ̀ lódìkejì ló rà mọ́lẹ̀. Keturah lọ bẹ̀ ẹ́.

“Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ,” ni obìnrin náà wí. “Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kò lè sọ tòmátì tó ti rà di tútù.”

Keturah kò ní owó tí yóò san. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń lọ bá a roko, títí tí ilé ìwé fi gba ìsinmi. Ìyá Rùkáyyàh kì í bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lé e.

Ní oṣù Ògún, wọ́n ti ọkọ̀ náà sínú odò. Ó léfòó, kò mu omi. Níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, Mùkáílà dọ̀bálẹ̀ fún Obadiah. “Bàbá Keturah, mo fi ẹnu ba orúkọ yín jẹ́. Ẹ forí jì mí.” Obadiah fà á dìde. Iṣẹ́ bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì ti bọ́ sọ́wọ́ kàfíńtà mìíràn, ẹ̀rọ tó tà kò sì padà mọ́.

Bí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, Keturah bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́. “Ẹ ti mọ̀ pé èmi ni, sà. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wọn?”

Obadiah dáhùn. “Bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò mọ òtítọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni irọ́ náà ti jáde. Mo ń retí kí ẹnu rẹ fà á padà.”

“Ẹ pẹ́ tí ẹ ń retí, sà.”

“Ó pẹ́,” ni bàbá rẹ̀ wí. Kò tù ú nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Keturah ti wà ní SS3 báyìí. Ìtìjú náà kò tíì kúrò lára rẹ̀ tán, kò sì fẹ́ kó yára kúrò. Ó ti mọ̀ pé ẹni tó bá kọ ohun tí kò rí sílẹ̀ bí ẹni pé ó rí i, irọ́ ló fi bíírò pa, bó ti wù kí ìṣirò rẹ̀ pé tó. Ó sì ti mọ̀ pé irọ́ kékeré tí ọmọ pa lè di ẹrù lórí àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi iṣẹ́ lé yín lọ́wọ́, ẹ ṣe é dé ìdí. Bí ẹ kò bá sì ṣe é tán, ẹ ní ìgboyà láti sọ pé, “N kò tíì ṣe é tán.” Ìtìjú inú gbólóhùn yẹn kéré jọjọ sí èyí tí Keturah rí.