Iléewòsàn Méjì, Òṣìṣẹ́ Mẹ́rin-mẹ́rin

Oòrùn ti mú ganrínganrín nígbà tí gìrì gbé ọmọ Veronica lórí bẹ́ǹṣì iléewòsàn abúlé wọn, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, lọ́dún 1992. Láti òwúrọ̀ kùtù ni ó ti jókòó síbẹ̀. Wọn kò tíì kọ káàdì fún ẹnikẹ́ni, torí Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀wálé, ọ̀gá tí kọ́kọ́rọ́ yàrá káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì dé láti Ọ̀wọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o!"

"Ìyá ọmọ, ẹ ní sùúrù," ni Nọ́ọ̀sì Margaret dáhùn. "Ẹ̀yin náà ẹ wo èrò. A ò pọ̀ tó."

Veronica kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gbé ọmọ rẹ̀ fò sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di ọsibítù Ọ̀wọ̀. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà.

Nígbà tí ó padà délé, ó figbe ta: "Ẹ jẹ́ ká lọ lé gbogbo wọn dànù!"

Ignatius, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ wolé-wolé, dá a dúró.

"Ìyàwó, ìbínú rẹ tọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn pariwo, wọ́n á tún ní àwọn ò pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká wọn iṣẹ́ wọn."

"Bùọ̀dá, ṣé iṣẹ́ ṣe é wọ̀n bí aṣọ ni?"

"Ó ṣe é wọ̀n dáadáa. A ó wá iléewòsàn tó jẹ́ ẹgbẹ́ tiwa, kì í ṣe ọsibítù ńlá. A ó ka òṣìṣẹ́, a ó ka aláìsàn, a ó wo bí wọ́n ṣe ń dúró pẹ́ tó. Èyí tó bá fi iye òṣìṣẹ́ kan náà ṣe jù, a ó lọ wo bó ṣe ń ṣe é."

Ìgbìmọ̀ ìlera abúlé gbà bẹ́ẹ̀. Ti Afo, abúlé mìíràn bíi tiwọn, ni wọ́n mú: òṣìṣẹ́ mẹ́rin níbẹ̀, mẹ́rin níhìn-ín, aláìsàn bí ọgọ́ta lójúmọ́ níbi méjèèjì. Ṣùgbọ́n wákàtí kan ni wọ́n ń dúró ní Afo. Níhìn-ín, wákàtí mẹ́rin! Veronica lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Òṣìṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ dé ní Afo ló ń ṣílẹ̀kùn, nọ́ọ̀sì kan a sì máa fa ẹni tí àìsàn rẹ̀ le jù síwájú.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ pe ìpàdé, Akínbọ̀wálé fárígá. "Kí ló kan ẹ̀yin àgbẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba?"

Veronica dìde fùú. "Ọmọ mi ló kàn mí! Ẹ ní ẹ ò pọ̀ tó. Mẹ́rin ni yín, mẹ́rin ni wọ́n. Bí ẹ bá ń sùn ní Ọ̀wọ̀, ṣé àìsàn náà ń sùn ni?"



"Sà," ni Margaret sọ jẹ́jẹ́, "ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún wa."

Akínbọ̀wálé yọ kọ́kọ́rọ́ náà fún un, àwọn nọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi ti Afo. Kí oṣù tó parí, aláìsàn kì í dúró ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ mọ́. Àwọn ènìyàn ń dúpẹ́, àmọ́ Veronica kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Sìlífátù, aládùúgbò rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ kú lórí bẹ́ǹṣì yẹn ní ọdún tó kọjá. Kọ́kọ́rọ́ lásán ló fa ikú ọmọ yẹn!

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ má gba "a ò pọ̀ tó" gbọ́ láìwọ̀n ọ́n. Ẹ fi iléeṣẹ́ wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ka òṣìṣẹ́, ẹ ka iṣẹ́, ẹ wo àkókò. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé wọn ò pọ̀ tó, ẹ bá wọn ké sí ìjọba. Bí ó bá jẹ́ àìbìkítà ni, ẹ sọ ọ́ lójú wọn, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà kú.