Làálì Ara Jìtá

Síkúrù kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó já láti bákónì òkè, ó sì bọ́ sínú abọ́ làálì tí Sìlífátù gbé lọ́wọ́, bí ẹni pé ẹnì kan dìídì rán an sí i.

Oṣù Keje ọdún 1978 ni. Òórùn ọ̀dà tuntun ò tíì kúrò lára àwọn ilé Fẹ́sítáàkì. Ìyàwó kan ní òkè kejì ni Sìlífátù ń lọ lé làálì fún. Iṣẹ́ tí Àǹtí Sàrátù, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, kọ́ ọ láti kékeré nìyẹn. Láti Kúje tí wọ́n ń gbé títí dé Amúwo, ìyàwó tí Sìlífátù kò bá lé làálì fún, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa bi í pé kí ló dé.

Kó tó gbójú sókè, ọmọkùnrin gíga kan ti sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Síkúrù mi ló wà nínú abọ́ yẹn."

"Síkúrù yín? Èmi rò pé òjò irin ló ń rọ̀ ní Fẹ́sítáàkì ni. Àbí ẹ ti ń tú ilé ìjọba tà?"

"Rárá o. Jìtá ni mò ń tò."

"Jìtá! Ṣé bẹ́ẹ̀dì ni, tẹ́ ẹ fi ń tò ó?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ọláníran lorúkọ rẹ̀, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan ní Ìkòyí. Òun àti ìyá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Rosaline, ni wọ́n jọ ń gbé fúláàtì tí wọ́n rí gbà nígbà tí wọ́n fi ìbò pín ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi páálí kan ránṣẹ́ sí i. Jìtá oníná ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní wẹ́wẹ́: pákó ara rẹ̀, ọrùn rẹ̀, okùn wáyà mẹ́fà, nóòbù, síkúrù, àti ìwé tó ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó nílé.

Sìlífátù fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tó fi ń lé làálì yọ síkúrù náà.

"Ó ti lé làálì báyìí, ó ti di ìyàwó. Ẹ gbé e lọ ilé ọkọ."

"Ẹni tó lé e fún un ńkọ́? Ṣé òun ti nílé ọkọ?"

"Ẹ gbọ́ bọ̀dá yìí o! Ẹ lọ wá bàtà yín kejì."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò tán lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi lé làálì ìyàwó ọjọ́ náà tán.

Ìdí tí Sìlífátù fi ń padà sí ilé náà pọ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Ó ní òun gbàgbé abọ́. Ó ní òun wá kí ìyàwó. Nígbà tó yá, Màmá Rosaline fúnra rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, wọlé, jìtá ti ń retí rẹ," ó sì ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ sílẹ̀ gbayawu kí aráyé má baà rí nǹkan sọ.

Iṣẹ́ náà ò rọrùn. Ọláníran fi sáńpépà ha pákó títí ó fi dán, ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan wáyà jíjó, tó gbé irin gbígbóná tí àwọn oníṣẹ́ rédíò fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó jó ìka ara rẹ̀, ó jó tábìlì ìyá rẹ̀, wáyà nìkan ni kò rí jó.

"Gbé e wá jàre," ni Sìlífátù wí. Ó sé èémí, ó ń kán lẹ́ẹ̀dì sórí wáyà díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń lé tìróò fún ọmọ tuntun.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ọwọ́ ìyàwó ni mo fi kọ́ ọ. Wáyà tiẹ̀ dáa, kì í sunkún."

Ọjọ́ tí wọ́n so okùn kẹfà, Nẹ́pà mú iná lọ. Jìtá oníná tí kò ríná, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora ló ń dún. Inú Ọláníran bàjẹ́. Ó jókòó, ó gbé jìtá lé orúnkún, kò mọ ohun tó máa fi í ṣe.

"Gbé etí lé pákó rẹ̀," ló sọ níkẹyìn.

Sìlífátù tẹ̀ ba, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ọláníran ta okùn kan. Ohùn náà wọ̀ ọ́ lára ṣinrin, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé àyà. Ní gbogbo Fẹ́sítáàkì, òun nìkan ló gbọ́ ọ.

"Sílí mi," ni Ọláníran wí, ó ṣì ń ta okùn lọ, "mo fẹ́ràn rẹ. Ìwọ ni mo fẹ́ fi ṣaya."

Sìlífátù ò gbé orí sókè. "Mo ti gbọ́," ló wí. "Jìtá náà sì gbọ́."

Wọ́n tún jìtá náà tú kí wọ́n lè kùn ún. Pákó rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó funfun báláú. Làálì ṣẹ́kù nínú abọ́ Sìlífátù lọ́jọ́ náà, ọwọ́ sì ń yún un. Ó lé òdòdó sí i láti ibi ọrùn, ó fà á yí ibi tí nóòbù yóò wà ká, irú èyí tí wọ́n ń lé fún ìyàwó, ó sì fi ewé kékeré kan tó ká bí ìgbín parí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń lé làálì ló ní bó ṣe ń parí tirẹ̀. Ewé náà ni ti Sìlífátù, kò sí ẹlòmíràn tó ń lò ó. Nígbà tó gbẹ, tí ó họ ọ́ kúrò, pákó náà pọ́n bí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó tuntun. Ó wò ó, inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á.

Ẹ̀rù náà nídìí. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Mùsúdù, ń ta ọ̀dà àti ìṣó ní Kúje. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan ti ń tọrọ Sìlífátù fún ọmọ rẹ̀, Bádrù, ọjọ́ ti pẹ́. Àlàájì kì í ṣe òṣónú. Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Mi ò ní fi ọ́ fún ẹni tó ò fẹ́. Bí ẹlòmíràn bá wà, kí àgbà kan nínú ilé yìí wá bá mi sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, kí Iléyá tó kọjá. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò fẹ́: má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta."

Àǹtí Sàrátù ti gbà pé òun ni yóò sọ ọ́. Ọjọ́ Iléyá gan-an ló fẹ́ fi ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n bá pa àgbò tán, nígbà tí Àlàájì kì í kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. "Onígbàgbọ́ ni ọmọ náà, ó sì ń ta jìtá," ni Àǹtí wí. "Ẹrù tó wúwo tó yẹn, ẹ̀sọ̀ la fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Nítorí náà Sìlífátù mú agolo ọ̀dà dúdú kan ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó gbé e fún Ọláníran.

"Fi kun jìtá náà, gbogbo rẹ̀. Àwa méjèèjì la mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí Àǹtí bá ti sọ̀rọ̀ tán, màá lé òmíràn tí gbogbo ayé á rí."

"Mo ti gbọ́, ìfẹ́ mi."

"Ṣé wàá kùn ún?"

"Mo ní mo ti gbọ́."

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì Ọláníran ló ṣáájú Iléyá lọ́dún náà. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìkórè, Sìlífátù ń di ìṣó sínú bébà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìyá Bádrù wọlé. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó.

"Àlàájì, oníbàárà mi kan ló pè mí síbi ìkórè wọn lánàá. Ẹ wo ọwọ́ mi."

Ó na ọwọ́ síta. Làálì tí Sìlífátù lé fún un nígbà ìsọmọlórúkọ kan ò tíì ṣí. Ewé tó ká náà wà létí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀.

"Ewé yìí náà ni mo rí lára jìtá ọmọkùnrin kan níwájú pẹpẹ. Fánìṣì tó mọ́ bíi gíláàsì ló fi kùn ún, ó ń dán gbinrin. Làálì ìyàwó, Àlàájì, lára jìtá! Wọ́n bi í pé ta ló ya á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyàwó òun ni."

Ìṣó ọwọ́ Sìlífátù dà sílẹ̀. Kò ṣà wọ́n.

Àlàájì ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó dúró títí ìyá Bádrù fi lọ, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"Ṣé Sàrátù mọ̀ sí i?"

"Wọ́n mọ̀. Ọjọ́ Iléyá ni wọ́n fẹ́ bá yín sọ ọ́." Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan agolo ọ̀dà tó mú.

Omi lé ròrò sójú bàbá rẹ̀.

"Ǹ bá gbà," ló wí. "Sìlífátù, ǹ bá gbà o."

Ọláníran àti ìyá rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Ọláníran dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì, Màmá Rosaline kúnlẹ̀. Àlàájì ní kí wọ́n dìde, ó fún wọn lómi mu.

"Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ni mo bá jà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, onígbàgbọ́ ló kú. Ṣùgbọ́n ọmọ mi bẹ̀ ọ́ pé kí o bo nǹkan kan fún òun títí di Iléyá, o ò lè bò ó. Kí ni ìgbéyàwó, bí kò ṣe kí á máa bo ara wa láṣìírí? Ọjà ti gbọ́. Mo ti fún ìyá Bádrù lésì pé Bádrù ni yóò fẹ́ ẹ."

Sìlífátù wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń gbọ́ ọ. Ohun tó dùn ún jù ni pé òótọ́ ni bàbá rẹ̀ sọ.

Ó lọ bá Ọláníran nígbà ìkẹyìn, lórí àtẹ̀gùn tí síkúrù ti mú wọn pàdé.

"Mo ṣí agolo náà, Sílí. Mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Mo wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ó rẹwà jù. Ọwọ́ mi kọ̀."

"Ọwọ́ rẹ? Ọwọ́ tó ń gbọ̀n látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, ọjọ́ yẹn ló wá dúró?"

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n á dá a mọ̀. Èmi rò pé bákan náà ni gbogbo làálì."

"Mo ní kí o kùn ún ni. Mi ò ní kí o mọ ìdí rẹ̀."

"Jẹ́ ká lọ, Sílí mi. Mo léèyàn ní Ìlọrin, wọ́n á gbà wá sílé."

"Kí n sá fún bàbá tó ní òun ì bá gbà?"

Ọláníran di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìfẹ́ rẹ̀ ò dín rárá lọ́kàn Sìlífátù, ìyẹn gan-an ló mú kí inú túbọ̀ bí i.

"Kí ni kí n ṣe? Sọ ọ́, màá ṣe é."

"Lọ fi ọ̀dà kun jìtá yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i mọ́."

Kó tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ náà ti ń dun òun fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ padà lọ sọ pé kó má kùn ún. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá padà, òun ò ní lè lọ mọ́. Ó sunkún títí ó fi dé Kúje.

Ohun kan ló ń tù ú nínú bí wọ́n ṣe ń ra aṣọ ìyàwó, tí wọ́n ń ránṣẹ́ pe ẹbí. Làálì ọwọ́ kì í pẹ́ ṣí. Ti ara jìtá yẹn ò ní ṣí, fánìṣì ti bò ó. Ó sì mọ Ọláníran: ẹni tí wọ́n ní kó kun nǹkan, tí kò kùn ún. Bí wọ́n bá tiẹ̀ mú òun lọ sílé Bádrù, ewé òun á ṣì wà ní Fẹ́sítáàkì lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Bó bá ti kírun tán, ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la. Àǹtí Sàrátù ló lé làálì fún un, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ó sì fi ewé àti àkísà dì wọ́n kó lè mú dáadáa. Sìlífátù jókòó sórí ẹní bí ọmọ ọwọ́, kò lè dá nǹkan kan mú.

Màmá Rosaline yọjú lọ́sàn-án. Ó mú àǹkárá kan wá fún un, ó gbàdúrà gígùn lé e lórí, ó pè é ní ọmọ òun. Lẹ́yìn náà ló yọ agolo kan nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹní.

"Ó ní kí n dá agolo bàbá rẹ padà. Ó ní ohun tí o ní kí òun ṣe, òun ti ṣe é."

Màmá Rosaline dìde, ó sì lọ. Agolo náà wà níbẹ̀, ọ̀dà dúdú ti gbẹ mọ́ ọn létí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e wò. Ṣé ó wúwo?"

Àǹtí Sàrátù gbé e, ó mì ín.

"Òfìfo ni."

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

"Sìlífátù, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Kò ké. Omijé kàn ń dà ni, ó ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó gbé lé pákó lọ́jọ́ tí kò síná, ó ń kán sórí àkísà tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó rántí pé wọn ò ṣeé lò, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀.

"Àǹtí," ló wí, "ẹ bá mi nu ojú mi."