Má-Rẹ́rìn-ín àti Aṣeyín

Obìnrin náà kò lè pa ẹnu dé. Gbogbo ìgbà tí ayàwòrán bá ti gbé kámẹ́rà sójú, tó ní, "Ó yá, ẹ wo iwájú," obìnrin náà á tún bú sẹ́rìn-ín, eyín á yọ, ojú á kéré, fọ́tò á sì bàjẹ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ni ayàwòrán wí. "Físà lẹ ń wá. Àwọn ará ẹ́ńbásì kò fẹ́ ẹ̀rín. Ẹnu ní pípadé, etí méjèèjì níta, kò sí awò ojú, kò sí fìlà. Bí eyín kan ṣoṣo bá yọ, wọ́n á dá a padà fún yín."

"Kí ni eyín fi ṣe wọ́n?"

"Èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

"Èmi ni mo máa ń ṣe eyín," ni obìnrin náà wí, "ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá fojú tẹ́ ẹ."

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́. Yàrá ẹ̀yìn ní ilé ìwòsàn eyín ló ti ń ṣiṣẹ́, tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí tiwọn ti yọ. Aṣeyín ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ayàwòrán náà ní orúkọ tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ẹ́ńbásì, títì ló là wọ́n láàárín. Láti àárọ̀ títí wọn á fi ti gééètì, "Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má rẹ́rìn-ín" ló máa ń wí, ni gbogbo àdúgbò bá sọ ọ́ ní Bọ̀dá Má-Rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé òun alára kì í rẹ́rìn-ín. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti ṣubú lọ́mọdé, eyín iwájú kan bá a lọ, láti ìgbà náà ló ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Iṣẹ́ kámẹ́rà bá a lára mu, torí ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ta ló ń wo ẹnu rẹ̀?

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ká irun yìí sẹ́yìn etí," ló wí. Ìka rẹ̀ kan etí Aṣeyín fẹ́ẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ti wọ ayàwòrán lára, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Nígbà tí ẹ̀rín kò tán, ó ní, "Ó dáa, ẹ ro ohun kan tó ba yín nínú jẹ́."

Ojú obìnrin náà yí padà lójú ẹsẹ̀. Ẹnu pa dé. Kámẹ́rà dún, fọ́tò dára, inú ayàwòrán kò sì dùn sí i rárá.

"Kí lẹ rò?"

"Màmá mi," ni Aṣeyín wí. "Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà lọ́hùn-ún. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i, ó sì ń dàgbà. Mo ti tọrọ físà rí, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ, mi ò kọ́lé, pé kò sí nǹkan tó máa mú mi padà wálé. Bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló gbé mi wá síbí."

Bí Aṣeyín ṣe di ará ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó ní fọ́tò kò pọ̀ tó. Nígbà tó yá, ó ní òun gbàgbé agboòrùn, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀, oòrùn ò mú. Nígbà tó tún yá, kò sọ ohun tó bá wá mọ́, á kàn fa àga, á jókòó. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí "ẹ" di "o" láàárín wọn.

"Kí ló dé tí o kì í rẹ́rìn-ín?" ló bi í.

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo? Ṣé ẹnu tìrẹ náà ń lọ sí ẹ́ńbásì ni?"

Ayàwòrán yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ̀yin èèyàn mi, owú burú. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, bẹ́ẹ̀ ẹni tiwa yìí ti tín-ín-rín tẹ́lẹ̀. Bí ọkùnrin bá kí Aṣeyín lójú títì, inú á bí i. Bí fóònù Aṣeyín bá dún, tó sì rẹ́rìn-ín sí i, inú á bí i. Kódà dókítà tó jẹ́ ọ̀gá Aṣeyín, bàbá arúgbó tó ti ní ọmọ-ọmọ, ayàwòrán ń jowú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò tíì la ẹnu sọ fún obìnrin náà pé òun fẹ́ràn rẹ̀ o! Oko tí kò tíì tọrọ ló ń ṣọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn to ìwé físà wọlé. Ajẹ́ńtì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aṣeyín tẹ̀ lé e, ọkùnrin mìíràn sì tẹ̀ lé Aṣeyín, ó ga, ó mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán.

"Má-Rẹ́rìn-ín, fọ́tò ìgbéyàwó la wá yà," ni Ajẹ́ńtì wí. "Tọkọtaya nìyí."

Ayàwòrán yíjú sí Aṣeyín. "Ìgbéyàwó ta ni?"

"Tèmi," ni Aṣeyín wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ti irọ́ ni."

"Irọ́ kẹ̀? Ọgbọ́n ni!" ni Ajẹ́ńtì wí. "Wọ́n ní kò sí ohun tó máa mú un padà. Àwa ti rí ọkọ. Ẹ̀gbọ́n yìí gbà láti yá wa ní ara rẹ̀ fún ọjọ́ kan."

Ayàwòrán gbé kámẹ́rà. "Ẹ sún mọ́ra yín díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi ti báwo?" ni Ajẹ́ńtì wí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbá a mọ́ra jàre, ìyàwó yín ni!"

Ọkọ àyálò gbé ọwọ́ lé èjìká Aṣeyín, ó sì rẹ́rìn-ín. Háà, eyín! Gbogbo ẹ̀ funfun, gbogbo ẹ̀ tò, kò sí àlàfo kankan. Ni Aṣeyín bá yíjú sí i, ó gbàgbé kámẹ́rà, ó gbàgbé físà.

"Ẹ ya ẹnu yín dáadáa kí n rí i," ló wí, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò! Ẹ wo àwọ̀ wọn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ya ẹnu lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ayàwòrán gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

"Mi ò ya fọ́tò yìí."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Ajẹ́ńtì bi í.

"Ẹni tó bá gbé irọ́ wọ ibẹ̀ yẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Láti ẹnu ọ̀nà mi níbí ni mo ti ń rí wọn tí wọ́n ń sunkún jáde."

Aṣeyín wò ó tààrà. "Ṣé irọ́ ló ń bí ọ nínú, àbí ọwọ́ tó wà léjìká mi?"

Ì bá sẹ́. Kò sẹ́.

"Méjèèjì ni. Ọwọ́ yẹn ló sì pọ̀ jù."

"Èwo tún nìyí o!" Ajẹ́ńtì pàtẹ́wọ́.

Aṣeyín rọra gbé ọwọ́ ọkọ àyálò kúrò léjìká. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò ṣe mọ́." Ó wá kọjú sí ayàwòrán, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Màmá mi ń dàgbà lọ́hùn-ún, ìwọ ń jowú. Ọkùnrin mìíràn á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìfẹ́, kó tó jowú. Owú ni ìwọ kọ́kọ́ gbé wá." Ó sì jáde.

Kò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ayàwòrán di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí kámẹ́rà. Oníbàárà kan tí kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín rárá, ó jágbe mọ́ ọn pé, "Mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín!" Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó forí lé ilé ìwòsàn eyín.

Yàrá ẹ̀yìn náà kéré, eruku funfun wà lórí ohun gbogbo. Orí pẹpẹ ni àwòṣe ẹnu àwọn aláìsàn tò sí: òkè ẹnu, ìsàlẹ̀ ẹnu, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi símẹ́ńtì funfun mọ. Aṣeyín ń fi ayùn kékeré ha eyín kan, kò gbójú sókè.

"Mo wá bẹ̀ ọ́," ni ayàwòrán wí. "Eyín ọkùnrin yẹn ló dùn mí jù. Bí o ṣe ń wò ó, o ò wò mí bẹ́ẹ̀ rí."

Aṣeyín gbé ayùn sílẹ̀. Ó na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó mú òkè ẹnu kan, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "O mọ ẹnu ta nìyí?"

"Rárá."

"Ti ọkọ àyálò mi ni. Gbogbo eyín òkè rẹ̀ ló ti yọ tán. Èmi ni mo ṣe àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí. Dókítà ló máa ń fi wọ́n sí aláìsàn lẹ́nu ní iwájú, èmi kì í rí ojú ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí iṣẹ́ ọwọ́ mi tó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ọkùnrin náà rí. Eyín mi ni mò ń kí!"

Ayàwòrán wo òkè ẹnu náà. Ó wo Aṣeyín. Ó ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan jowú símẹ́ńtì! Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi di ikùn mú, nígbà tí yóò sì rántí láti bo ẹnu, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

"Ẹn-hẹ́n!" ni Aṣeyín kígbe. "Ohun tí o ń fi pamọ́ nìyí!"

"Èjí ni."

"Èjí kọ́ nìyẹn o, ilẹ̀kùn ni! Jókòó síbí, màá ṣe eyín tó máa dí i."

Ó po nǹkan kan tó rọ̀ bí àmọ̀, ó fi í sí ayàwòrán lẹ́nu kí eyín lè tẹ ara rẹ̀ sí i. "Má sọ̀rọ̀," ló wí. "Má mira. Má rẹ́rìn-ín." Ẹnu rẹ̀ kún bámúbámú. Aṣeyín bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ó yá, ní báyìí tí o ò lè jiyàn. Ṣé o fẹ́ràn mi?"

Ayàwòrán mi orí sókè sódò, àmọ̀ ń ro sí i lágbọ̀n.

"Ṣé ó yẹ kí o ti sọ ọ́ tipẹ́?"

Ó tún mi orí.

"O ṣeun, ààyò mi," ni Aṣeyín wí jẹ́jẹ́. "Èmi náà fẹ́ràn rẹ."

Ọjọ́ tí wọ́n pè é sí ẹ́ńbásì, òótọ́ ni Aṣeyín kó dání: ìwé ibi iṣẹ́ rẹ̀ tó sọ ọjọ́ tí ìsinmi rẹ̀ máa parí, ìwé ìpè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti fọ́tò tó pa ẹnu dé. Ayàwòrán dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ kò kúrò ní gééètì. Ó fẹ́ kí wọ́n fún un. Ó tún fẹ́ kí wọ́n má fún un. Ìtìjú bá a.

Aṣeyín sáré sọdá títì. "Wọ́n fún mi!"

"Kí ni wọ́n bi ọ́?"

"Ohun tí wọ́n bi mí lọ́jọ́sí náà ni. Ìyá tó wà ní fèrèsé ní, 'Kí ló máa mú ọ padà?' Mo ní eyín ọkùnrin kan wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní gbà kí ẹlòmíràn fi í sí i lẹ́nu. Ó wò mí títí. Ó ka ìwé ibi iṣẹ́ mi, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà lòun náà rẹ́rìn-ín."

"Eyín ọ̀hún dà?"

"Fi sùúrù ṣe é," ni Aṣeyín wí, ó sì lọ di ẹrù.

Ó dé ọ̀hún, ó fi fọ́tò ránṣẹ́: òun àti màmá rẹ̀, wọ́n dì mọ́ra. Ẹlòmíràn á wo ìyá àti ọmọ, inú á dùn. Ayàwòrán wo etí fọ́tò. Ìgúnpá kan wà níbẹ̀. Ó fà á tóbi. Ìgúnpá ọkùnrin ni.

"Ìgúnpá ta nìyẹn?" ló kọ sí i.

Aṣeyín kì í purọ́. "Ẹni tí màmá mi fẹ́ kí n fẹ́ ni. Ó ní ìwé ìgbélùú. Màmá ní kí n má padà mọ́."

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yẹn kò rí ìgúnpá tí ayàwòrán rí. Ó kọ ọ̀rọ̀ kíkan, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn, ó pa á rẹ́. Níkẹyìn ó kọ pé, "Màmá rẹ ni. Bí ibẹ̀ bá dùn mọ́ ọ, dúró. Mi ò ní bínú." Irọ́ ni. Ó bínú débi pé ó yọ àga àwọn oníbàárà síta, ó ní kí wọ́n máa dúró. Aṣeyín kò sì fèsì.

Ọjọ́ tí físà rẹ̀ máa parí pé. Ayàwòrán kò wo ẹnu ọ̀nà, torí ó mọ̀ pé bí òun bá wò ó, òun kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnì kan wọlé, ó gbé àga wọlé láti ìta, ó jókòó síwájú aṣọ funfun. Ayàwòrán gbé kámẹ́rà sójú láìwo ẹni tó jẹ́.

"Ẹ pa ẹnu dé," ló wí. "Ẹ má rẹ́..."

Inú kámẹ́rà ló ti rí i. Ẹnu tí kò lè pa dé ni.

Ó gbé kámẹ́rà kúrò lójú. "O ò fèsì!"

"Èsì kí ni? Pé o ò ní bínú? Irọ́ lo kọ, mi ò fèsì irọ́." Ó ṣí pọ́ọ̀sì, ó mú páálí kékeré kan jáde, ó tú òwú inú rẹ̀. Eyín kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. "Mo gbé e fún màmá mi wò. Mo ní ẹni tó ni í ń dúró dè mí. Ó wo eyín, ó wò mí lójú. Ó ní, 'Ṣé ìwọ lo gbé eyín ọmọ ọlọ́mọ sá? Lọ dá a padà fún un, kí o sì dúró tì í, kó má baà tún sọ ọ́ nù.'"

Ayàwòrán wo eyín náà. "Ìgbà wo ló tán?"

"Ó ti tán kí n tó lọ."

"Kí ló dé tí o ò fún mi?"

Aṣeyín mí kanlẹ̀. "Kí n fi í sí ọ lẹ́nu, kí n bá tèmi lọ, kí o wá máa fi rẹ́rìn-ín sí gbogbo obìnrin tó bá jókòó sórí àga yìí? Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni owú ń jẹ ni?"

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi eyín sí i lẹ́nu. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?" ni ayàwòrán bi í.

"Rẹ́rìn-ín ná, kí n mọ irú ẹnu tí mò ń fẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," ni Aṣeyín wí. "Mo gbà."

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù náà lónìí, ẹ ó rí fọ́tò lára ògiri yíká, gbogbo wọn pa ẹnu dé. Ọ̀kan ṣoṣo ló yàtọ̀ láàárín wọn, ìyàwó àti ọkọ, wọ́n ya ẹnu gbàgà, gbogbo eyín wọn ló wà níta. Àwọn tó ń wá físà máa ń bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ́ńbásì gba irú èyí?"

"Èyí ò lọ ibì kankan," ni Má-Rẹ́rìn-ín máa ń dá wọn lóhùn. "Ilé ló ń gbé."