Pẹpẹ Ìsàlẹ̀ Nínú Yàrá Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Ọkọ mi kì í fẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi tí òun bá wà. Bí mo bá ti fẹ́ mú un bọ̀ lẹ́nu báyìí, yóò dìde, yóò ní òun ń lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé náà ló wà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ tí nǹkan náà kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀ lọ́sàn-án, ní ilé ìdáná iléèwé tí mo ti ń se oúnjẹ. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo rí pákó kan tó fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá ni, nínú àwọn pẹpẹ tí Galen ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn sínú yàrá ẹrù abẹ́ àtẹ̀gùn. Àwọn sukúrù tó fi yí i mọ́ ògiri wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n tò wọ́n tẹ̀ léra wọn bí ẹni to ṣíbí sórí tábìlì de àlejò. Àwọn ìgò èso píṣì àti kùkúńbà tí mo ti kó sórí pẹpẹ náà wà nínú ilé ìdáná, ọ̀kan kò fọ́. Mo fọwọ́ kan pákó náà. Ó rin gbingbin, bí ẹni pé òjò pa á mọ́jú. Òjò kò sì rọ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Mo rò pé Galen ló tú u. Galen kò fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wọ́. Bí pákó bá fi bí irun orí ṣe yẹ̀, yóò tú u, yóò tún un kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, òun ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Darla, kí ni pẹpẹ yẹn fi ṣe ọ́?"

"Èmi kẹ̀? Mo ṣe bí ìwọ lo tú u ni."

"Kí n kàn án lánàá, kí n tú u lónìí? Ṣé orí mi ti dàrú ni?"

"Èmi ò mọ̀ o. Ìwọ lo ni orí ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó mú sukudiráfà, ó dá pẹpẹ padà sí ipò rẹ̀.

Kò tíì pẹ́ rárá tí a ra ilé náà lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan, Vernon Stucky. Ní apá Kansas tiwa níbí, ilé tí kò bá ní àjàalẹ̀, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí èèyàn lè sá sí, kì í tètè tà, nítorí ààjà, ìjì tó ń wó ilé. Èyí kò ní, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn rẹ̀ lágbára tó èyí tí èèyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, bàbá náà sì ń kánjú láti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Oregon. Ó mú wa wo gbogbo yàrá. Nígbà tó kan yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ní ká ṣí i fúnra wa, òun dúró sẹ́nu ọ̀nà ìta. Inú ibẹ̀ ṣófo. Ojú ihò sukúrù tí wọ́n ti fi ọ̀dà dí kún ara ògiri láti òkè dé ilẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí Galen dá a padà, pẹpẹ tún sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tòkè wà níbi tí wọ́n wà, tìsàlẹ̀ nìkan ni. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Galen pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn. Ó tún ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọkọ mi. Mo ní bóyá ó ń ṣe é lójú oorun, bóyá nǹkan kan ń dà á láàmú tí kò fẹ́ sọ. Mo bá gbé sukudiráfà rẹ̀ pamọ́ sínú báàgì mi, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, kí n lè mọ òótọ́. Nígbà tí mo dé, pákó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tutù, sukúrù sì wà ní títò. Kí n tó mọ ohun tí mo máa rò, Galen ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nínú báàgì mi, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ohun tí mo fi pamọ́.

"Kí lèyí ń ṣe nínú báàgì ẹ?"

"Mo gbé e pamọ́ kí n lè mọ̀ bóyá ìwọ ni."

"Olè ń ṣọ́ olè nìyẹn o." Kò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo. "Darla, tí ilé yìí ò bá wù ẹ́, tàbí tí èmi ni mi ò wù ẹ́ mọ́, lanu kó o sọ ọ́. Má fi pákó bá mi sọ̀rọ̀."

Ó kó ìrọ̀rí rẹ̀, ó ń sùn ní pálọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọ balùwẹ̀, màá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá lọ da ilẹ̀ nù, èmi náà á sáré lọ wo yàrá ẹrù. Etí ni a fi ń gbé inú ilé náà.

Màámà Opal ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Òun ló gbé búrẹ́dì tí wọ́n di ẹran àti kábéèjì sínú rẹ̀ wá kí wa nígbà tí a kó dé. Mo ti gbọ́ pé ó máa ń wọlé jáde nínú ilé wa láyé àwọn Stucky, mo sì ti ń fura pé bóyá òun ló ń tú pẹpẹ náà. Mo lọ bá a. Àmọ́ bó ṣe fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tíì, tí mo rí ìka rẹ̀ tó ti ká wọnú bí gbòǹgbò, ojú ara mi tì mí. Ọwọ́ yẹn kò lè tú ìdérí ìgò, ká má tíì sọ sukúrù.

Síbẹ̀ mo sọ fún un.

"Pẹpẹ wo ni?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ lójijì.

"Tìsàlẹ̀ ni, Màámà."

Ó gbé ife sílẹ̀. "Ẹ má kan nǹkan kan síbẹ̀ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Òkè ni kẹ́ ẹ kó ẹrù yín sí, ọmọ mi. Ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tòmátò tó fẹ́ gbìn.

Bí mo ṣe sọ fún Galen, ńṣe ló tu itọ́ sínú abọ́ ìfọwọ́. "Ó ti kan aládùúgbò báyìí? Ẹ ti jọ ń ṣe é?" Ó da gọ́ọ̀mù sí etí pákó náà, ó kan ìṣó gígùn mọ́ ọn yí ká, ó kó gbogbo ìgò tó wúwo jù sórí rẹ̀ àti sábẹ́ rẹ̀ dé ilẹ̀. Ó ní ká wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á lè gbé ìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé ni ààjà dé. Àwa méjèèjì wà ní pálọ̀ láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí èkejì kúrò lójú òun. Òun ń wo bọ́ọ̀lù, èmi ń ká aṣọ. Ọ̀sán kò tíì rọ̀ tí ojú ọ̀run fi di àwọ̀ ewé, àwọn ẹyẹ sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni fèrè ìkìlọ̀ ìlú figbe ta.

Mo ti dìde, ṣùgbọ́n Galen kò mira. Ojú rẹ̀ ti funfun.

"Mo ti dí i pa," ó ní. "Darla, kò síbi tá a máa wọ̀. Mo ti dí i pa."

A sáré dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ẹrù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ìgò tò sára ògiri láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Pákó náà fara ti ògiri, gbogbo ìṣó rẹ̀ wà nílẹ̀ ní títò, omi sì ń kán lára rẹ̀. Galen wò mí, mo wo Galen. Láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó kúrò lójú èkejì.

A rákò wọlé, a fa ilẹ̀kùn mọ́ra.

Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Etí mi dí pinpin. Mo ń gbọ́ bí ìṣó òrùlé ṣe ń fà tu lókè orí wa. Láàárín gbogbo ariwo yẹn ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohùn obìnrin ni. Kò pariwo rárá, síbẹ̀ ó yé mi kedere bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé tó dákẹ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé àyè ṣì kù?"

Mo rò pé Màámà Opal ni. Mo ní, "Ó kù, Màámà! Ẹ wọlé!"

Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ọwọ́ mi wà lára rẹ̀, mo mọ̀ pé kò ṣí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan jókòó sáàárín èmi àti Galen. Aṣọ rẹ̀ tutù, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Eékún rẹ̀ kan tèmi. Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ti dúró pẹ́ gan-an tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè jókòó.

Nígbà tí ariwo náà kọjá, tí a ti ilẹ̀kùn ṣí, ojú ọ̀run la rí. Òrùlé ti lọ, pálọ̀ ti lọ, àtẹ̀gùn nìkan ló dúró. Èmi àti Galen nìkan la jáde.

Inú àjàalẹ̀ ilé tirẹ̀ ni Màámà Opal wà ní gbogbo àkókò yẹn. Kò jáde níbẹ̀ rárá. Ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ gbígbóná fún àwa tí ilé wa wó, mo jókòó tì í, mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Ó mi orí, ó sì sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Lorene ni. Ìyàwó Vernon. Ó bẹ ọkùnrin yẹn títí pé kó má kan pẹpẹ dé ilẹ̀, pé ibẹ̀ làwọn máa sá sí tí ààjà bá dé. Vernon ò gbọ́. Ó kó ọ̀dà àti irinṣẹ́ kún ibẹ̀. Ọjọ́ tí ààjà dé, àyè ẹnì kan ló kù."

"Ta ló wọ̀ ọ́?"

"Vernon. Lorene ti lọ pe ajá wọlé. Nígbà tó padà dé, ó kanlẹ̀kùn. Vernon sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀, lọ́dún tí ara rẹ̀ ò yá. Ó ní Lorene ò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn bèèrè bóyá àyè ṣì kù."

"Kí wá ni Vernon sọ?"

Màámà Opal wo abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀. "Kò sọ nǹkan kan, ọmọ mi. Ó di ilẹ̀kùn mú."

Lọ́jọ́ kejì, níbi tí èmi àti Galen ti ń ṣa ohun tó kù nínú àwókù ilé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní atẹ́gùn ni. Ó ní etí àwa méjèèjì ti dí, ta ló lè gbọ́ ohùn èèyàn nínú irú ariwo yẹn?

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan," ó ní.

"O ò gbọ́ nǹkan kan?"

"Mi ò gbọ́."

Mo ní, "Galen, kí n tó dá a lóhùn ni mo ti gbọ́ tó o kó ẹsẹ̀ ẹ mọ́ra, tó o fara mọ́ ògiri. Tó ò bá gbọ́ nǹkan kan, ta lo sún fún?"

Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò léékún, ó ní òun ń lọ wo ẹ̀yìnkùlé.