Kí Ìbọn Tó Dún

Òkè tí a ń gùn wọ Ọ̀kà kò mọ tíṣà yàtọ̀ sí àgbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó dá máṣíìnì Iyìọlá Fámúrewá dúró gbọnin láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì sọ ọ́ di ẹni tó ń ti irin gòkè pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ọ̀kà ni Iyìọlá ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní jọ́gíráfì, ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ ló ń gbé, nílé ìyá rẹ̀. Òógùn ti bò ó, ó ń bú máṣíìnì náà tìyá-tìyá.

Ìgbà náà ni obìnrin kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ o. Òkè tí máṣíìnì kọ̀, obìnrin náà ń sáré gùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ń bà lé ilẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́.

"Omi òjò tó bá bọ́ sórí àpáta kò ríbi wọlẹ̀," ló ń wí. "Bí kò bá ríbi wọlẹ̀, á wá ojú àgbàrá. Bí kò bá rí ojú àgbàrá, á wọ ilé onílé."

Ẹnu Iyìọlá là sílẹ̀. Ó gbàgbé máṣíìnì. Máṣíìnì ní tirẹ̀ rántí ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lọ sí Ìkàrẹ́. Obìnrin náà ló sáré padà tó dì í mú.

"Ẹ rọra o, tíṣà," ó ní. Kò tilẹ̀ mí hẹlẹ.

"Ta... ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìwé ni mò ń kà. Orí mi kì í gba ìwé bí ẹsẹ̀ mi bá dúró."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ti lọ. Iyìọlá pẹ́ délé ìwé lọ́jọ́ náà, kò sì bìkítà. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé Ọlọ́run lè dá èèyàn báyìí, kó sì fi í sójú ọ̀nà Ọ̀kà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Hephzibah Akínlọ́lá ni obìnrin náà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Àkókó? Ó wà lọ́dún kejì ní yunifásítì nígbà tí ẹgbẹ́ eléré ìje kan ní ilẹ̀ Potogí ránṣẹ́ pè é. Ó fi ìwé sílẹ̀, ó lọ, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹun níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí iṣan itan rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́, ó padà wálé, ó lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọdé tó lè bí, kó lè parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Olíńpíìkì ni wọ́n ń pè é.

Láti ọjọ́ náà, Iyìọlá bẹ̀rẹ̀ sí í jí kúrò n'Íkàrẹ́ kí àkùkọ tó pinnu. Á gbé máṣíìnì tì sẹ́sẹ̀ òkè, á bi Hephzibah ní ìbéèrè kan, á sì pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan ṣoṣo: pàá! Bó bá ti gbọ́ pàá, ó di ọ̀nà òkè, ìdáhùn ń jáde bí ẹni da àgbàdo. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n sórí.

Oṣù ń gorí oṣù, ìfẹ́ sì wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó sórí àpáta, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà sísè, Iyìọlá sọ ọ́.

"Hephzibah, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Hephzibah dákẹ́ títí Iyìọlá fi bó ẹ̀pà tó ṣẹ́kù tán láìjẹ ọ̀kan.

"Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ o, ayọ̀ mi," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Ṣé o rí ìdíje tó tóbi jù láyé mi? Mo sáré kí ìbọn tó dún. Wọ́n fi káàdì pupa hàn mí, wọ́n ní kí n jáde. Mo rìn jáde lójú gbogbo ayé, bàbá mi sì ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù àtibẹ̀rẹ̀ nǹkan ń bà mí. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ pàápàá, ṣe ni mo máa ń dúró de ìbọn."

Iyìọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ṣe é ní kàyéfì pé ẹsẹ̀ tó lágbára tó báyìí lè gbé ẹ̀rù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kiri.

Ó lọ rí bàbá Hephzibah. Tíṣà àgbà ni Bàbá Akínlọ́lá, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Iyìọlá dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," bàbá ní. "Mi ò ní ohunkóhun sí ọ. Ṣùgbọ́n Hephzibah fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lágbede méjì, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ọjọ́ tó bá parí rẹ̀ ni kí ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́ wá. Bí kò bá parí rẹ̀, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

N'Íkàrẹ́ ńkọ́? Ìyá Iyìọlá kò gbádùn ọ̀rọ̀ náà rárá.

"Ọmọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti wà ní girama! Obìnrin tó ń sáré báyìí, bó bá bínú jáde nílé, ta ló máa lé e bá?"

"Èmi kọ́, màámi. Màá dúró dè é ni."

"Dúró dè é. Bí a bá jẹ iṣu tuntun tí mi ò rí ìyàwó, mo ti rí ọmọ Àjọwá kan tó ń rìn jẹ́jẹ́."

Ọ̀rọ̀ wá kù sórí dìfẹ́ǹsì, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró níwájú àwọn olùkọ́ àgbà kó tó lè gba dìgírì, tí á ṣàlàyé ìwádìí tó ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Hephzibah dúró níbẹ̀, ètè rẹ̀ kò là. Wọ́n dúró, wọ́n dúró, ó sì jáde pẹ̀lú omijé. Wọ́n fún un láǹfààní kan sí i. Bó bá tún dákẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀, iṣu tuntun á sì ti jinná n'Íkàrẹ́.

Lọ́jọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, Iyìọlá gbàyè níbi iṣẹ́, ó lọ jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Hephzibah dìde.

"Màdáámù, à ń gbọ́ yín o," ni ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó kan wí.

Orí Hephzibah tẹ̀ wálẹ̀. Ìgbà náà ni Iyìọlá rí ìka ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì: ó yà wọ́n sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí eléré ìje ṣe ń fọwọ́ tilẹ̀ nídìí ìlà. Kì í ṣe pé ó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ó ń dúró de ìbọn ni.

Pàá!

Gbogbo orí yí sẹ́yìn. "Ta nìyẹn?" ni ọ̀jọ̀gbọ́n jágbe. Ṣùgbọ́n Hephzibah ti gbéra. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú wọn, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ó sọ bí òjò ṣe ń bọ́ sórí àpáta Ọ̀kà, ibi tó ti ń pínyà, àdúgbò tó ń bá, ilé tí yóò wó bí wọn kò bá la ojú àgbàrá fún un. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ jáwọ́, wọ́n ń wò ó. Iyìọlá tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí lórí òkè náà ń wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

"Báwo lẹ ṣe mọ bí omi náà ṣe ń yára tó?" ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

"Mo bá a sáré, sà. Bí òjò bá ti ń rọ̀, èmi àti omi a jọ gbéra lókè."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló wá borí?"

"Omi ni, sà. Ìdí tí mo ṣe kọ̀wé nípa rẹ̀ nìyẹn."

Kò pẹ́ tí èsì jáde pé ó yege ni àwọn ará Ìkàrẹ́ dé pálọ̀ Bàbá Akínlọ́lá, kí iṣu tuntun tó wọ ọjà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, bàbá gbọ́dọ̀ bi ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo ẹbí bóyá kí òun gba àwọn àlejò náà. Iyìọlá mọ olólùfẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé yóò dákẹ́, pé ìyá òun yóò sì túmọ̀ ìdákẹ́jẹ́ náà sí nǹkan mìíràn. Ó rọra gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣetán láti pàtẹ́wọ́.

Bàbá wúkọ́. "Hephzibah, ọmọ mi, àwọn èèyàn tó wá láti Ìkàrẹ́ yìí ní àwọn..."

"Ẹ gbà wọ́n, bàbá mi!"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. "Mo wí bẹ́ẹ̀!" ni ìyá Iyìọlá kígbe. "A ò ní lè lé e bá! Ó ti ṣáájú wa délé!"

Bàbá Akínlọ́lá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò tíì bi ọ́," ó ní. "O tún ti sáré kí ìbọn tó dún."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Láti ọjọ́ káàdì pupa, bàbá kò sọ̀rọ̀ náà létí ọmọ rẹ̀ rí. Hephzibah wo bàbá rẹ̀. Bàbá ṣí fìlà, omi wà lójú rẹ̀.

"Máa sáré lọ, ọmọ mi. Níbí, kò sẹ́ni tó máa ní kí o jáde."

Ọwọ́ Iyìọlá ṣì wà lókè. Kò mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe mọ́, ló bá fi méjèèjì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.