Ta Ló Fọwọ́ Kan Hóró Tapíókà Mi?

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, nítorí kò sẹ́lòmíràn nínú ilé ìdáná. Báàgì ilé ìwé ṣì wà léjìká ọmọbìnrin náà, ilẹ̀kùn fírísà sì ṣí sílẹ̀, ó ń fẹ́ òtútù sí i lórúnkún. Abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, abọ́ tirẹ̀ ni. Ìdérí náà, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú abọ́ kì í ṣe tirẹ̀.

Lánàá tó yí hóró tapíókà tirẹ̀, ọgọ́ta ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù, òmíràn gùn, òmíràn ní ojú ìka rẹ̀ lára. Èyí tó ń wò yìí kéré, ó sì rí róbótó. Gbogbo wọn dọ́gba bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì lé ní ọgọ́fà.

Ó wo orí tábìlì. Ó ti nù ún mọ́ kó tó lọ sílé ìwé láàárọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun funfun kan wà níbẹ̀ báyìí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíróò kan tí ẹnìkan ti fi eyín tẹ̀. Ó fi ìka kan ìyẹ̀fun náà, ó gbé e símú. Kò ní òórùn kankan. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Kì í jẹun kó má kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un lẹ́bùn, á yẹ abẹ́ rẹ̀ wò kó tó dúpẹ́. "Ìfura loògùn àgbà," ni ìyá rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, "ṣùgbọ́n ìwọ ti lo oògùn náà tán kó o tó dàgbà."

Ẹni mẹ́ta péré ló ń gbé inú ilé náà: òun, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ fẹ́ ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Oníṣẹ́ páìpù ni ọkùnrin náà. Omi tó ń jò, bẹ́síìnì tó dí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó kún, òun ni wọ́n ń pè. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí èèpo igi. Onípáìpù ni Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń pè é nínú ọkàn rẹ̀. Lójú, kò tíì pè é ní nǹkan kan. "Ẹ káàárọ̀" tí ilẹ̀ bá mọ́, "ẹ káalẹ́" tí ilẹ̀ bá ṣú, ó parí.

Ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ìdájí. Ta ló wá kù?

Ọ̀rọ̀ kan tó gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná sọ sí i lọ́kàn. Ó ń kọjá lọ lẹ́bàá yàrá wọn nígbà tí ó gbọ́ ohùn ọkùnrin náà: "Bó bá gbé e lọ báyìí, ojú máa tì í. Kò yẹ kó gbé e lọ rárá." Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ṣé ìyókù tún ṣe é gbọ́ ni?

Ọ̀la, ọjọ́ Ẹtì, ni ìdánwò àfọwọ́ṣe nínú ẹ̀kọ́ oúnjẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbé ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá síwájú àwọn olùdánwò mẹ́ta. Kéèkì ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ ṣe. Òun nìkan ló mú tíì oníhóró: tíì tútù tí a lu pọ̀ mọ́ mílíìkì, tí hóró tapíókà dúdú wà nísàlẹ̀ ife, tí a ó máa fi sítíróò fa tíì àti hóró pọ̀ sẹ́nu. Bí máàkì rẹ̀ bá dára, ilé ẹ̀kọ́ àwọn alásè yóò gbà á. Onípáìpù kò sì fẹ́ kó lọ. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́!

Ó tún wo inú abọ́. Ká má parọ́, àwọn hóró náà dára ju tirẹ̀ lọ. Èṣù sọ sí i létí pé, "Sè é bẹ́ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?" Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tí kò ní òórùn yẹn ńkọ́? Ó da gbogbo rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí.

Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Nígbà tí ọkùnrin náà wọlé nírọ̀lẹ́, tó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní "ẹ káalẹ́," ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kùtùkùtù. Ó po ṣúgà pupa mọ́ omi, ó gbé e kaná. Nígbà tó hó yaya, ó da ìdajì ìyẹ̀fun tapíókà sí i, ó rò ó títí ó fi di lílẹ̀, ó da ìyókù sí i, ó pò ó bó ti gbóná tó, ọwọ́ ń ta á. Ó fà á gùn bí okùn, ó gé e, ó ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Aago ń sáré, òun náà ń sáré. Hóró náà sì tún tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó sè wọ́n, wọ́n wú, wọ́n ń dán bí ojú ewúrẹ́. Ó dà wọ́n sínú omi ṣúgà, ó dé wọn, ó di ẹrù rẹ̀.

Olùkọ́ rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. "Ojú rẹ ti ṣe pọ́n báyìí?"

"Mi ò sùn dáadáa, mà. Ọkọ ìyá mi bu nǹkan sí iṣẹ́ mi. Nǹkan funfun kan. Mo ní láti ṣe òmíràn."

Ojú olùkọ́ náà yí padà. "O rí i tó bù ú sí i?"

Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ó lè sọ pé, "Rárá o, mo kàn fura ni." Ẹnu rẹ̀ ṣáájú ọkàn rẹ̀: "Mo rí i, mà."

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú nínú àwọn olùdánwò ló kọ́kọ́ gba ife tirẹ̀. Ó fà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn wọnú, nǹkan kan kò gòkè. Ó tún fà á, ojú rẹ̀ ń ràn. Ó wá fi gbogbo agbára fà á. Hóró kan já sókè bí òkò, ó bá ọ̀nà ọ̀fun lọ. Bàbá dìde, ó di ọrùn mú, kò lè húkọ́. Olùkọ́ sáré dé, ó gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀karùn-ún, kí hóró náà tó fò jáde, tó bà sórí ìwé máàkì.

Bàbá nu omijé ojú, ó mí kanlẹ̀. Kò pariwo. "Ọmọ mi," ó ní, "ṣé kò sẹ́nì kankan nílé yín tó fi sítíróò wò ó kí o tó gbé e wá ni?"

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rántí sítíróò tí ẹnìkan fi eyín tẹ̀.

Nígbà tó délé, àwọn méjèèjì ti jókòó sílé ìdáná. Àpò irinṣẹ́ ọkùnrin náà wà nílẹ̀, kò ṣí i. Páìpù ilé ìwé wọn ló fẹ́ lọ tún ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n dá a padà lẹ́nu géètì.

"Jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọ̀gá ilé ìwé yín pè mí níbi iṣẹ́. Ó ní o sọ fún olùkọ́ rẹ pé o rí ọkọ mi tó ń bu oògùn sí oúnjẹ rẹ. Kí lo rí?"

"Mo rí... ìyẹ̀fun funfun, mà."

"Ìyẹ̀fun tapíókà tìrẹ ni," ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Mo fi wọ́n ọn kó má baà lẹ̀ mọ́ra. Lọ́jọ́ Ajé, èyí tó o fi kọ́ṣẹ́ há ìyá rẹ lọ́fun. Èmi ni mo gbá a lẹ́yìn. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n: ohun tó bá máa gba inú páìpù kọjá gbọ́dọ̀ kéré ju páìpù lọ. Tapíókà sì máa ń wú bó bá jinná. Mo sọ fún ìyá rẹ pé bó o bá gbé e lọ báyìí, ojú máa tì ọ́."

"Mo sì ní kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ fúnra wọn," ni ìyá rẹ̀ gbà á sọ. "Títí dìgbà wo ni ẹ ó máa gba ẹnu mi bá ara yín sọ̀rọ̀?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo gbìyànjú. Ilẹ̀kùn ni mo ń bá. Mo bá tún wọn yí fúnra mi, mo sè díẹ̀, mo fi sítíróò fà á wò, ìyẹn náà kò dára. Ìdánwò rẹ ni, ọwọ́ rẹ ni wọ́n fẹ́ rí. Ó yẹ kí n kan ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kejì."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ bá mi pe ọ̀gá wa, kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún wọn."

"Èmi kọ́ ni mo ní mo rí i," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹyin lohùn. Ìwọ lo jù ú sílẹ̀, ìwọ ni wàá ṣa èèpo rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, ó dúró níwájú tábìlì ọ̀gá ilé ìwé, ọkọ ìyá rẹ̀ lápá kan, olùkọ́ rẹ̀ lápá kejì.

"N kò rí wọn, mà," ó ní. "Ohun tí n kò rí ni mo jẹ́rìí sí. Wọn kò bu nǹkan kan sí i. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é."

Ọ̀gá ilé ìwé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé iṣẹ́ páìpù fún ẹlòmíràn, ìyẹn kò ṣe é gbà padà. Òdo ni Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbà nínú ìdánwò náà, yóò tún un ṣe ní ọdún tó ń bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn alásè yóò dúró dìgbà náà. Títí di ìgbà ìsinmi ilé ìwé ni àwọn òbí kan ṣì ń wo ọkùnrin náà ní ìwòkuwò ní ojú pópó.

Nígbà tí wọ́n jáde ní géètì, ọmọbìnrin náà dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ló dé tí ẹ ò bínú sí mi?"

"Ta ló ní mi ò bínú?" ni ọkùnrin náà wí. "Inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n ó dára tó o béèrè."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìfura kò burú, ó ti yọ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ewu. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ló yẹ kó tẹ̀ lé e, kì í ṣe ìdájọ́. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó wá dá ẹjọ́ tí kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan ńkọ́? Bí ọkàn rẹ bá sọ nǹkan fún ọ nípa ọmọnìkejì rẹ, lọ bá a, kí o bi í. Má sọ pé o rí ohun tí ojú rẹ kò rí.