Ohùn Kejì Nínú Rédíò Alákíà

Lójú òfurufú Olódò ni bàálù kan wà nínú kùrukùru ọ̀sán nígbà tí ohùn kejì wọ inú rédíò. Láyí, tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Alákíà, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lanu ni, ẹlòmíràn ti sọ̀rọ̀ ní ohùn tó jọ tirẹ̀ bí ìbejì: kí bàálù máa sọ̀ kalẹ̀ sí i. Kápútẹ̀nì Najeem, awakọ̀ bàálù náà, gbọ́ràn. Nígbà tí kùrukùru ya, òrùlé páànù ló rí níwájú rẹ̀, àti obìnrin kan tó ń sá ẹ̀gẹ́, tó ju igbá nù tó sì dojú bolẹ̀. Ó fa bàálù sókè. Ẹnikẹ́ni ò kú, ṣùgbọ́n nígbà tí Najeem gúnlẹ̀, ó lọ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ọ̀dọ̀ Kifayah ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ lọ. Ọmọ àgbẹ̀ Lágelú tó di olùkọ́ yunifásítì ni, ààbò rédíò bàálù sì ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ó ti pariwo títí pé rédíò wọ̀nyí kò ní kọ́kọ́rọ́, pé ẹni tó bá ti ní ẹ̀rọ lè bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, awakọ̀ ò sì ní mọ̀ pé ayédèrú ni. Wọn ò dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ wá ṣẹ tán, òun ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá kìlọ̀ pé ilé máa jóná, àpò tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá ìṣáná sí.

"Ta ló mọ̀ ọ́n ṣe?" Ìsípẹ́kítọ̀ Jacob bi í.

"Ẹnikẹ́ni tó bá kàwé nípa ẹ̀, ọ̀gá."

"Ìwé ta ni?"

Kifayah tọ́ka sí ara rẹ̀.

"Ìwé tìẹ. Ẹnjinnía Olúwadọ̀tun sọ fún wa pé ní gbogbo Ìbàdàn, ìwọ nìkan ló lè ṣe é. Tí ohùn yẹn bá tún wá, tí o ò fi ẹni tó ni ín hàn mí, ẹ̀wọ̀n lò ń lọ."

Ẹ̀rù ba Kifayah dé eegun. Ó mọ Olúwadọ̀tun, ọkùnrin oníkáfítáànì funfun tó gbé àpótí dúdú kan tọ ilé iṣẹ́ tó ni bàálù lọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Olódò, tó ní àpótí òun ń lé ohùn búburú. Wọ́n gbé e sí Alákíà dánwò, ohùn náà sì dákẹ́ lóòótọ́. Owó gọbọi ló wá ń béèrè.

"Ọ̀gá, kò sí àpótí tó lè pa ẹnu ẹlòmíràn dé láti òkèèrè," ni Kifayah wí. "Tí ohùn bá dákẹ́ torí àpótí, ẹni tó ni àpótí ló ni ohùn."

"Ẹ̀rí dà?"

Kò ní. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé ilé iṣẹ́ náà ń lọ́ra láti sanwó, ó mọ̀ pé ohùn máa padà. Ó bẹ Jacob pé kí wọ́n jọ lọ dúró lọ́nà Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí bàálù ń gbà bọ̀ wá sí Alákíà. Jacob gbà, ó gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lé itan, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Najeem ń kó èrò bọ̀ láti Àbújá. Ohùn kejì dé sórí rédíò kékeré tí Kifayah gbé dání. Kifayah na irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń wá orísun ohùn síta láti fèrèsé ọkọ̀, ó ń yí i kiri. Apá Ọ̀nà-Àrà ló ti ń le jù. Jacob tẹ mọ́tò wọ ọ̀nà oko, ẹ̀ka kòkó ń nà wọ́n lójú gíláàsì. Lójijì ohùn náà dákẹ́, ó ku igbó nìkan.

"Na ọwọ́ ẹ," ni Jacob wí, ó gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sókè.

Kifayah ò nà án. Igi àràbà ńlá kan ló ń wò. Àkísà pupa, ṣúkù àgbàdo àti àlòkù bàtà ni wọ́n so mọ́ ọn lára. Ààlè ni.

"Ọ̀gá, ta ló ń jí àràbà?"

"Kí lo wí?"

"Obì là ń pa ààlè sí, ọsàn, igi ìdáná, nǹkan tí olè lè gbé. Ta ló ń jí àràbà? Ẹni tó so èyí ò gbin nǹkan kan síbí. Ó kàn fẹ́ kí ará oko jìnnà ni."

Jacob, ìsípẹ́kítọ̀ tó gbé ìbọn dání, fà sẹ́yìn. "A kì í kọjá ààlè."

Kifayah kọjá. Jacob wò ó, ó sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn igi náà, wáyà dúdú kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí àràbà wọ inú ahéré. Olúwadọ̀tun wà níbẹ̀, ó de ẹ̀rọ mọ́ etí. Ó rí wọn, ó bẹ́ láti ojú fèrèsé. Jacob di káfítáànì mú, aṣọ ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Ará ìlú ò mọ eré sísá nínú ebè iṣu: ebè kẹta ló gbé e ṣubú, Jacob sì fò lé e lórí.

Nínú ahéré, ohùn Najeem ń ké láti inú ẹ̀rọ: ta ni kí òun gbọ́? Láyí ń sọ pé kó gòkè. Ṣùgbọ́n ohùn tó jọ ti Láyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó sọ̀ kalẹ̀, òkè olókùúta sì wà níwájú rẹ̀ nínú kùrukùru. Kifayah wo gbohùngbohùn tí Olúwadọ̀tun fi ń sọ̀rọ̀. Tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tí wọ́n fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn án gan-an ló ṣe yẹn. Ariwo bàálù dé orí oko, ó rẹlẹ̀ débi pé ewé kòkó ń mì.

Jacob wọ́ Olúwadọ̀tun wọlé, ó gbójú sókè, àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà.

"Sọ̀rọ̀, Dókítà. Jọ̀ọ́."

Kifayah gbé gbohùngbohùn, Yorùbá ló fi sọ ọ́, èdè tí wọn kì í fi darí bàálù. "Kápútẹ̀nì Najeem, ẹ má gba ohùn kankan gbọ́. Ẹ má gba tèmi náà gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ gòkè ná, títí ẹ ó fi fojú ara yín rí ilẹ̀."

Kifayah jáde sẹ́nu ọ̀nà ahéré, ó tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ariwo bàálù yí padà, ó ń le, ó ń jìnnà sókè.

Olúwadọ̀tun jẹ́wọ́ nílẹ̀ ahéré, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. "Ìwé Dókítà ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ̀rù lásán ni mo ń tà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú."

"Ìwọ lo wá sọ pé òun ni," ni Jacob wí.

"Mo fẹ́ kí ẹ rí ẹni mú ni."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù Kifayah dún; Najeem ló ń pè.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ bá mi sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, sà."

"A ti gúnlẹ̀. Gbogbo wa." Najeem tún béèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ ní kí n má gba tiyín gbọ́?"

"Torí ẹ̀rọ olè ló wà lọ́wọ́ mi, sà."

Najeem rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Kifayah jókòó sídìí àràbà, òun náà bú sẹ́kún.